Stẹ́pà mẹ́rin lórí bọ́ọ̀dù kan: CNC Shield V3 lábẹ́ ọwọ́ mi

Bí ẹ bá fẹ́ máa darí stẹ́pà (mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀) mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí owó ọwọ́ yín ò sì tó nǹkan, ẹ lọ ra Arduino Uno kan (bọ́ọ̀dù kékeré tí ẹ lè kọ kóòdù sínú rẹ̀), CNC Shield V3 tí wọ́n ń gbé lé e lórí, àti dráífà A4988 mẹ́rin, èròjà tó ń pín iná fún stẹ́pà. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ sọ́jà láti ibí yìí. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, nítorí bọ́ọ̀dù yìí ní àwọn ìwà kan tí ọlọ́jà ò ní sọ fún yín, òmíràn nínú wọn sì lè jó dráífà yín kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ṣómólú ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Fọtokọ́pì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ń tún ṣe, nítorí náà stẹ́pà kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹni tó sún mi débi bọ́ọ̀dù yìí ni màmá aláàdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta, tí mo máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ya bátànì sórí fóòmù, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn máa fi abẹ gé e, kí wọ́n sì máa fi tẹ àbẹ́là yíyọ́ sára aṣọ.

"Ẹ̀ńjíníà, ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ò dọ́gba. Èyí tí wọ́n gé lánàá àti èyí tí wọ́n gé lónìí, ẹ ò ní mọ̀ pé bátànì kan náà ni."

"Ó ṣeé ṣe, Mà. Èló lẹ fẹ́ ná sí i?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ èyí tó kéré jù níbẹ̀."

Tábìlì tí a ṣe fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró. Ohun tó gbé bírò ń lọ sósì sọ́tùn-ún (ìyẹn là ń pè ní X), stẹ́pà kan ló ń fà á. Afárá tó gbé òun fúnra rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn (Y), ó sì gùn débi pé bí stẹ́pà kan ṣoṣo bá ń fà á, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa wọ́ tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà ọ̀kan wà lápá òsì, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin ò ní iṣẹ́ méjì ju kó gbé bírò sókè kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ (Z). NEMA 17 ni gbogbo wọn, àwọn tí ojú wọn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 42 sí 42, tí wọ́n ń rìn ní ìgbésẹ̀ 200 kí wọ́n tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjì tó ń fa afárá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì, nítorí náà tuntun ni mo rà. Àwọn yòókù, inú ẹ̀rọ tó ti kú ni mo ti tú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lo àlòkù bíi tèmi, ẹ ka wáyà rẹ̀ kí ẹ tó yọ̀. Mẹ́rin dára. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ fi wáyà àárín kóìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ lo mẹ́rin tó kù. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, A4988 ò lè bá a ṣe. Bí ẹ ò bá ní mítà láti fi wá ìkejì wáyà kan, ẹ so wáyà méjì èyíkéyìí mọ́ra, kí ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá stẹ́pà náà. Bó bá le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kóìlì kan náà ni wọ́n.

Kí n tó yan ìdì yìí, mo wo àwọn tó kù lọ́jà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré rà ni 28BYJ-48, stẹ́pà roboto kékeré tó ń jẹ fóltì 5, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ULN2003 rẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni lóòótọ́, ọmọ iléèwé lè fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n jíà tó wà nínú rẹ̀ mú kó lọ́ra. Bó bá ti yí po bíi ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ ti parí nìyẹn. Tábìlì mítà kan? Ilẹ̀ á ṣú bá wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún máa ń gba ẹsẹ̀ (pin) mẹ́rin lára Arduino, ẹsẹ̀ 20 péré sì ni Uno ní, tí méjì nínú wọn ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Stẹ́pà mẹ́rin á kó 16 lọ, kí ló wá kù fún swíìṣì?

L298N, dráífà mìíràn, náà ń jẹ ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tó burú jù ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì. Ohun tí iná bá gbé wá ló máa kó sínú stẹ́pà, kó gbóná títí. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn ṣì fi ń fi í kọ́ ọmọ níṣẹ́ stẹ́pà.

Dráífà TB6600 ni ọ̀gá gbogbo wọn nínú èyí tí mo lè fọwọ́ kàn. Ó le, ó wà nínú àpótí irin tirẹ̀, ó sì lè gbé stẹ́pà ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan fún stẹ́pà kan ni, nígbà tí mo sì ń béèrè owó, mẹ́rin rẹ̀ ju ìlọ́po méjì owó shield, Uno àti A4988 mẹ́rin lápapọ̀ lọ. Mi ò ní kọ iye náírà síbí. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, dọ́là á ti sọ ọ́ dirọ́.

A4988 ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ méjì péré ló ń béèrè: STEP àti DIR. DIR ń sọ ibi tó máa yí sí, STEP ń sọ pé kó gbé ẹsẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí Uno kékeré fi lè darí mẹ́rin láìráhùn. Allegro ló ṣe èròjà inú rẹ̀. Ó ń gba fóltì 8 sí 35, ó sì lè pín ìgbésẹ̀ kan sí 16. Lábẹ́ dráífà kọ̀ọ̀kan lórí shield, ààyè jọ́ḿpà (ìdè kékeré tó ń so irin méjì pọ̀) mẹ́ta wà. Bí ẹ bá fi gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ìgbésẹ̀ 200 á di 3200. Bírò tó ń gbọ̀n gìrìgìrì á wá máa yọ̀ lọ.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé ìṣòro stẹ́pà púpọ̀ ni ẹsẹ̀ Arduino tí ò tó. Àkókò ni ìṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ fa ìlà tó dágun, ká ní X máa rìn mílímítà 100 kí Y rìn 37, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbéra pa pọ̀, kí wọ́n sì gúnlẹ̀ pa pọ̀. Bí X bá parí ṣáájú, ìlà yẹn á tẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ rọra gbéra, rọra dúró, nítorí stẹ́pà tí ẹ bá fipá já lójijì á kàn dún ni, kò ní rìn. Àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn máa ń lo AccelStepper, àkójọ kóòdù tó wà fún dídarí stẹ́pà, ó sì dára fún ẹ̀rọ tí stẹ́pà rẹ̀ kò bára wọn rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí Uno, agbára rẹ̀ ò ju bí ìgbésẹ̀ 4000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. GRBL, kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí tí ẹ kàn máa gbé sínú Uno, lè ta 30,000.

Ẹ jẹ́ ká fi bírò ṣírò rẹ̀. Bèlíìtì GT2 tó kọjá lórí púlì eléyín 20 máa ń lọ mílímítà 40 nígbà tí stẹ́pà bá yí po lẹ́ẹ̀kan. 3200 tí a pín sí 40 jẹ́ 80. Ìyẹn ni pé mílímítà kan gba ìgbésẹ̀ 80. Pẹ̀lú 4000, mílímítà 50 ni ẹ ó rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, stẹ́pà kan ṣoṣo sì nìyẹn o. Pẹ̀lú GRBL, ó kọjá 300, tábìlì mi ò tiẹ̀ lè gbà á, igi á fò. Iye 80 yẹn náà lẹ máa kọ síwájú $100 (ti X) àti $101 (ti Y) nínú GRBL. Bí Z yín bá ń lo ọ̀pá T8 tó ń gun mílímítà 8 lẹ́ẹ̀kan, 400 lẹ máa kọ síwájú $102.

Ọ̀fẹ́ ni GRBL. Simen Svale Skogsrud ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, Sonny Jeon ló sì tọ́jú rẹ̀ dé ibi tó dé lónìí. Èmi ò tíì rí ohun tó kún tó yẹn tí wọ́n há mọ́ inú Uno tí ààyè rẹ̀ ò ju 32 KB lọ. Mo máa ń fi Inkscape ya bátànì, mo sì ń fi Universal Gcode Sender tì í sínú ẹ̀rọ. Àwọn náà, ọ̀fẹ́.

Ó yá, ẹjọ́ tí mo ní sí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Àkọ́kọ́, mẹ́rin tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kì í ṣe mẹ́rin. Ojú ihò dráífà mẹ́rin wà lóòótọ́, X, Y, Z àti A, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni GRBL orí Uno mọ̀. A kàn ń ṣe àwòkọ ni: ẹ ó fi jọ́ḿpà méjì yan ihò A láti máa ṣe ohun tí X, Y tàbí Z bá ń ṣe. Èmi nílò Y méjì, nítorí náà ó bá mi lára mu gan-an. Stẹ́pà ọ̀tún kọjú sí ti òsì, wọ́n gbọ́dọ̀ yí lódì síra wọn. Mo kàn yọ púlọ́ọ̀gì ọ̀kan, mo dojú rẹ̀ kọ apá kejì, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí stẹ́pà mẹ́rin rìn lọ́nà mẹ́rin, kó má ra á. Uno ò sì mọ̀ pé Y méjì ló wà. Bí nǹkan bá dí ọ̀kan lọ́wọ́, ìkejì ò ní dúró dè é, afárá á dágun, bátànì á sì wọ́ bí ẹni méjì tó gbé pẹpẹ tí ọ̀kan dúró wọ bàtà. Kí n tó tan iná láràárọ̀, mo máa ń fọwọ́ ti afárá náà mọ́ igi tábìlì lápá méjèèjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, ojú tí ẹ fi dráífà sí. Dráífà A4988 lè wọ ihò yẹn síwájú, ó lè wọ̀ ọ́ sẹ́yìn, kò sí ohun tó máa dí i. Bí ẹ bá fi sódì tí ẹ tan iná, èéfín. Wọ́n kọ EN sí igun ihò kọ̀ọ̀kan lórí shield, wọ́n sì kọ EN sára dráífà. EN gbọ́dọ̀ pàdé EN. Ẹ má wo sùkúrù kékeré orí rẹ̀ fi ṣe àmì, nítorí bí ẹ bá lọ ra DRV8825 ti Texas Instruments lọ́la, apá kejì ni sùkúrù tirẹ̀ wà. Ẹni tó tà á fún mi fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tò ó, ọ̀kan nínú mẹ́rin tó wà nínú àwòrán yẹn dojú kọ ẹ̀yìn. Mo wò ó títí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀kan nínú dráífà inú ọ̀rá náà tún ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Mo pe àwọn tó tà á, wọ́n ní kí n dá a padà kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ọkọ̀ láti dá a padà ju owó dráífà lọ. Ẹ yáa ra márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan.

Sùkúrù tí mo dárúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò bìkítà fún, òun gan-an sì ni ọba. Òun ló ń sọ iye kọ́rẹ́ǹtì tí dráífà máa jẹ́ kó wọ stẹ́pà. Bó ṣe ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n yí i sí. Nínú ọ̀rá kan náà, kò sí méjì tó bára mu. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo fi dráífà sórí shield láìfi stẹ́pà sí i, mo so Uno mọ́ láptọ́ọ̀pù. Mo fi mítà sí fóltì DC. Wáyà dúdú mítà, mo kàn án mọ́ GND. Wáyà pupa, mo fi klíìpù gbá a mú mọ́ irin screwdriver tíńtín tí mo fẹ́ fi yí sùkúrù náà, nítorí pé orí sùkúrù yẹn gan-an la ti ń ka fóltì rẹ̀. Bí mo bá ti ń yí i, mò ń rí i lójú mítà: 0.52, 0.61, 0.74. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Kò ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ kó tó fò kọjá ibi tí ẹ fẹ́.

Èwo wá ni ẹ fẹ́? Ẹ wo rẹ́sítọ̀ dúdú kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èròjà àárín. Bí wọ́n bá kọ R100 sí i, 0.1 ohm ni. 8 lọ́nà 0.1 lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ fẹ́ ni fóltì tí mítà gbọ́dọ̀ sọ. Fún áńpù 1, 0.8 ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bọ̀ pẹ̀lú R050. Ẹni tó bá fi 0.8 sí ìyẹn, áńpù 2 ló fi sí i yẹn, dráífà á gbóná débi tí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "yí i sí 0.8" láì bi yín léèrè ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Áńpù 1.5 ni wọ́n kọ sára stẹ́pà mi, áńpù 1 ni mo fún un. Kì í ṣe ahun. Àwọn tó ń ta A4988 máa ń kọ áńpù 2 gàdàgbà, bẹ́ẹ̀ láìsí irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ àti afẹ́fẹ́, bí áńpù 1 ni ara rẹ̀ gbé. Bó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún jí. Ohun tí ẹ ó rí ni pé bírò dúró díẹ̀ láàárín ìlà kan, lẹ́yìn náà gbogbo bátànì ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa tú kóòdù wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fọwọ́ kan dráífà ná. Irin kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn wà nínú ìdì, ẹ rí i pé kò kan àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá fáànù inú kọ̀ǹpútà tó ti kú, kí ẹ gbé e sórí rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe yọ púlọ́ọ̀gì stẹ́pà nígbà tí iná mọ́tò bá wà lórí bọ́ọ̀dù. Dráífà ń kú níbẹ̀ láìgbin.

Lórí ọ̀rọ̀ iná: wọ́n kọ 12-36V sára shield. Ẹ gbàgbé 36. A4988 fúnra rẹ̀ ò gbà ju 35 lọ, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Èmi ń lo 24, láti inú páwà fọtokọ́pì tó ti kú, nítorí fóltì tó ga máa ń jẹ́ kí stẹ́pà lè sáré, dráífà ló sì ń ṣọ́ kọ́rẹ́ǹtì. Ẹni tí ò ní irú rẹ̀, ṣájà láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń gbé fóltì 19 jáde tó gédégbé fún stẹ́pà mẹ́rin bíi tèmi. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ + àti – sí dáadáa kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Iná mọ́tò yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ Uno. Uno ń jẹun tirẹ̀ láti inú okùn USB. Níbi tí iná kì í ti í lọ, èyí ò ní já mọ́ nǹkan kan. Ní Abẹ́òkúta, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. NEPA mú iná lọ láàárín bátànì. Stẹ́pà kú. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, nítorí náà Uno wà láàyè digbí, ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń tà á fún stẹ́pà tí ò gbọ́ mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i: "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ní òun ti ń parí lọ, bírò ò sì kúrò lójú kan." Nígbà tí wọ́n fa jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbéra láti ibi tó dúró sí, ó ń ya ìparí bátànì sórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fóòmù ńlá kan lọ síbẹ̀.

Ohun tí mo fi wo ó sàn kò wọ́n. Mo gba rílè (swíìṣì tí iná ń fà) fóltì 24 láti inú ẹ̀rọ kan náà tí mo ti mú páwà, mo so ó mọ́ iná mọ́tò. Bí iná bá wà, rílè fà. Bí iná bá lọ, ó tú, ẹnu rẹ̀ á wá pàdé. Ẹnu yẹn ni mo so mọ́ ibi tí wọ́n kọ Hold sí lórí shield àti GND tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kété tí NEPA bá mú iná, GRBL á gbọ́ pé kí òun dúró, á sì dúró. Bí iná bá dé, a tẹ reset, a fi àṣẹ $H ní kó padà sílé, ìyẹn igun tó ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà tó kù. Èyí nìkan mú kí màmá náà gbà pé ẹ̀rọ ni mo ṣe fún àwọn, wọ́n ti ń pè é ní ohun ìṣeré tẹ́lẹ̀.

Láti padà sílé, ẹ nílò swíìṣì ní igun tábìlì, ibẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n kọ sára shield yìí ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. X àti Y wà níbi tí wọ́n kọ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n láti GRBL 0.9 ni wọ́n ti gbé swíìṣì Z kúrò ní ẹsẹ̀ 11 lọ sí 12, shield ò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà ibi tí wọ́n kọ SpnEn sí ni kí ẹ so swíìṣì Z mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ Z, ẹ ó dúró títí.

ENABLE, ẹsẹ̀ tó ń jí dráífà tàbí tó ń jẹ́ kó sinmi, òun náà ẹyọ kan ṣoṣo ni fún gbogbo dráífà, ẹsẹ̀ 8. Ẹ ò lè ní kí X sinmi kí Z máa di bírò mú. Bó ṣe wà látilẹ̀, GRBL máa ń tú gbogbo wọn sílẹ̀ kété tí ìrìn bá dúró. Lórí ẹ̀rọ tí Z wúwo, Z á já bọ́. $1=255 ló ń mú wọn dúró gbọn-in. Stẹ́pà á máa gbóná díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ fara mọ́ ọn.

Ariwo ńkọ́? A4988 ń kọrin. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú, ta ló máa gbọ́ ọ? Nínú ilé, ó ń súni. Bí owó bá wà lẹ́yìn ọ̀la, TMC2208 wọ ihò kan náà, ó dákẹ́ gan-an, jọ́ḿpà méjì péré ló sì nílò fún 16. Stẹ́pà lè máa yí sódì lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, $3 ló ń tún ìyẹn ṣe. Owó rẹ̀ ju A4988 lọ dáadáa, èmi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa fi mẹ́rin rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń fi bírò ya fóòmù.

Bí iṣẹ́ yín bá gba stẹ́pà márùn-ún tó ń dá rìn, RAMPS 1.4 lórí Arduino Mega ni kí ẹ wá, òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ 3D látijọ́, kóòdù Marlin ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí stẹ́pà yín bá jẹ́ NEMA 23 tó ń gé igi líle, ẹ padà sọ́dọ̀ TB6600, A4988 á kàn jóná lásán ni. Bí ọlọ́jà bá sì sọ fún yín pé òun ò ní V3 mọ́, pé V4 tó ń lo Arduino Nano kéré síi, ó tún pọ́ọ́kú síi, ẹ má gbà. Lórí V4, wọ́n gbé STEP sí ibi tí GRBL ti ń wá DIR, wọ́n gbé DIR sí ibi STEP, ẹ ó kọ́kọ́ tún GRBL ṣe kó tó rìn rárá. Jọ́ḿpà ìpín-ìgbésẹ̀ rẹ̀ náà, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, GND ni wọ́n so ó mọ́ dípò fóltì 5, tí ẹ bá fi sí i, tí ẹ ò fi sí i, ìkan náà ni. Ẹ ní V3 lẹ fẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.